Máàpù ọlọ́pàá àti ìwádìí ẹnu ọ̀nà: èwo ló ń sọ òótọ́ nípa olè àti ìjà ní England?

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ gba ilé ní Peckham, ní London, lọ́dún tó kọjá, ló bá pè mí pé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo àdúgbò yẹn, ṣé olè ò pọ̀ jù níbẹ̀. Police.uk, ìkànnì táwọn ọlọ́pàá ti ń fi ẹ̀sùn hàn lórí máàpù, ni mo kọ́kọ́ ṣí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London máa mọ̀ ọ́n, ẹ kàn máa tẹ postcode, ìyẹn nọ́ńbà àdírẹ́sì, síbẹ̀ ni, máàpù á jáde, ẹ ó rí àwọn àmì róbótó pẹ̀lú nọ́ńbà lórí wọn, oṣooṣù ni wọ́n ń fi tuntun sí i, ọ̀fẹ́ sì ni. Látọdún 2011 ló ti wà. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí fún yín torí ọ̀pọ̀ wa ló ń tibẹ̀ pinnu ibi tá a máa gbé àti ibi tọ́mọ wa máa lọ síléèwé, a sì ń kà á bíi pé gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Àmì tẹ́ ẹ rí yẹn, kì í ṣe ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an ló wà. Wọ́n ti yan àwọn ojúkò kan kalẹ̀ lórí máàpù, èyí tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù ni wọ́n máa gbé ẹ̀sùn sí, ojúkò kan sì gbọ́dọ̀ ní ilé mẹ́jọ ó kéré tán lábẹ́ ẹ̀, tàbí kó má ní ilé kankan rárá, kẹ́nikẹ́ni má bàa mọ ilé ẹni tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n jà lólè. Mo fara mọ́ ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 6 níwájú ilé tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ má tíì sá. Ẹ tún wo Rye Lane, òpópónà kan ní Peckham, ṣọ́ọ̀bù kún ibẹ̀, rélùwéè wà níbẹ̀, àwọn tó wá ra iṣu àti ẹja láti ọ̀nà jíjìn ń kọjá láràárọ̀, nọ́ńbà ẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti àdúgbò ẹ̀yìn ẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn onílé nìkan ló ń wọlé síbẹ̀ lọ. Máàpù ò sọ iye èèyàn tó ń kọjá fún yín.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ohun tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Lọ́dún 2014, HMIC tó ń yẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò gbé àbọ̀ jáde pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀sùn táwọn èèyàn mú wá, bíi 19 ni ọlọ́pàá ò kọ sílẹ̀, ó ju 800,000 lọ lọ́dún kan, ti ìjà àti ìlùkulù tiẹ̀ jẹ́ 33, ti ìfipábánilòpọ̀ àti irú ẹ̀ sì jẹ́ 26. Ẹ fojú inú wo obìnrin kan tó kó ara ẹ̀ jọ, tó lọ sí tésàn, tó sọ ọ́, tí wọn ò sì kọ ọ́. Inú January ọdún yẹn náà ni UK Statistics Authority, àwọn tó ń ṣọ́ nọ́ńbà ìjọba, yọ òǹtẹ̀ pé ó ṣeé gbára lé kúrò lára nọ́ńbà ọlọ́pàá. Àtìgbà yẹn ìkọsílẹ̀ ti dáa sí i gan-an, ìyẹn náà sì ní wàhálà tiẹ̀, torí tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́ dáadáa nọ́ńbà á gòkè, àwọn èèyàn á máa pariwo pé ìlú ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ gègé ìkọ̀wé ló yí padà. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún máàpù.

Ìkejì, Crime Survey for England and Wales, èyí tí mo fún ní 4. Ọdún 1982 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìwé ọlọ́pàá kọ́ ni wọ́n ń wò, ilé èèyàn ni wọ́n ń lọ. Lẹ́tà kọ́kọ́ dé sílé wa, lẹ́yìn náà ni màmá kan tó ń ṣe ìwádìí náà wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n fi káàdì wọn hàn mí, wọ́n jókòó pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù wọn. Wọn ò bi mí pé ṣé mo fara gbá ìwà ọ̀daràn o, wọ́n ní láàárín oṣù méjìlá yìí, ṣé ẹnì kankan ti mú nǹkan mi níta ilé? Ìgbà yẹn ni mo rántí táyà iwájú kẹ̀kẹ́ mi tí wọ́n tú lọ lẹ́nu géètì, mi ò sọ fún ọlọ́pàá rárá torí mo ní ta ló máa wá a rí. Ó wọlé síbi tiwọn. Nígbà tó yá wọ́n yí láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n ka ìyókù fúnra mi kí n sì tẹ ìdáhùn, àwọn ìbéèrè lórí ìlùkulù láàárín tọkọtaya àti oògùn olóró, màmá náà ò sì wo ojú ẹ̀. Mo gbóríyìn fún ẹni tó ronú ìyẹn, torí obìnrin mélòó ló máa lè sọ ọ́ síta nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀?

Ó ní àléébù. Wọn kì í dé hóstẹ́ẹ̀lì ọmọ yunifásítì, wọn kì í dé ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ẹni tó ń sùn síta ò sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n pa ò lè dáhùn. Títí di 2019, tí wọ́n bá lu ẹnì kan ní ogún ìgbà lọ́wọ́ ẹnì kan náà, márùn-ún péré ni wọ́n máa ń kà, ó dùn mí fún àwọn obìnrin tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ti jìbìtì náà pẹ́ kó tó wọlé, October 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹ̀, nígbà tí àbọ̀ sì jáde ní 2016, jìbìtì àti ìwà ìbàjẹ́ orí kọ̀ǹpútà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 5.8, gbogbo olè àti ìjà yòókù tí wọ́n kà jẹ́ mílíọ̀nù 6.3. Ohun tó tó yẹn ló wà láyé tí wọn ò kà! Kò sì lè sọ ti àdúgbò yín fún yín, ilé tí wọ́n ń lọ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí kòrónà tó dé, bíi ilé méje nínú mẹ́wàá ló ń dá wọn lóhùn, ó ti já wálẹ̀ gan-an báyìí. Àwa náà wà lára ẹ̀, a máa ń rò pé Home Office, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ni. Màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n já ṣéènì gòólù lọ́rùn wọn ní bọ́ọ̀sì sítọ́ọ̀pù, wọn ò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, irú lẹ́tà tèmi dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún yẹn gan-an, wọ́n ya á dànù. Ṣéènì yẹn ò sí lórí máàpù, kò sì sí nínú ìwádìí.