Wọn kò béèrè jẹ́nótáìpù wa: ìrìnàjò míṣọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá sí àfonífojì Langtang ní Nepal

Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, ní Kyanjin Gompa tó fi nǹkan bí mítà 3,870 ga ju òkun lọ, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa, ọmọkùnrin ọdún 26 tó ti ń síwájú gbogbo wa láti ọjọ́ kìíní, di ìhà òsì rẹ̀ mú, ó ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì lè mí kanlẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ náà ló mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́n ìjọ wa ní Peckham, ní London. Èmi ni mo bá ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìnàjò náà sọ̀rọ̀ láti oṣù kejì, èmi ni mo gba owó lọ́wọ́ àwọn mọ́kànlá yòókù, èmi náà sì ni ìyá ọmọ yìí fà á lé lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín àwa pẹ̀lú wọn.

Aṣáájú tí wọ́n fi tẹ̀ lé wa láti London, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, wo ọmọ náà, ó ní inú ló kún, pé dal bhat tí a ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́ yẹn, ló fà á. Ó fún un ní oògùn inú, ó ní ká gbàdúrà kí ó sì sùn, pé bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó mọ ohun tí a máa ṣe. A gbàdúrà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mú káàdì tí ilé-iṣẹ́ náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, èyí tí wọ́n kọ “wákàtí 24” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì rẹ̀, mo sì pe nọ́ńbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé tí a wọ̀ sí. Nepal fi wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣíwájú London ní oṣù kẹwàá, nítorí náà aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dá mi lóhùn: wọ́n ti ti ọ́fíìsì, kí n pè padà láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè é. Ohùn kan náà ni mo gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà.

Afinimọ̀nà wa ló gba ọmọ náà là. Ará Tamang ni, ó tó ọmọ àádọ́ta ọdún, Dai sì ni gbogbo wa ń pè é, èyí tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lédè Nepali. Àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ lásán, èyí sì mú kí ọ̀rọ̀ wọn yé wa kíákíá: dai fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, didi fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, bhai fún àbúrò ọkùnrin. Dai wọlé pẹ̀lú iná tó so mọ́ orí, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọmọ náà fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Abẹ́ egungun ìhà òsì, nísàlẹ̀ pátápátá, ló tọ́ka sí. Dai tan iná sí ètè rẹ̀, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wo èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá aṣáájú wa jiyàn rárá. Ó ní, “Ẹni tó bá ṣàìsàn lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò sùn,” ó sì jáde lọ jí méjì nínú àwọn aláàárù.

Doko ni wọ́n ń pe apẹ̀rẹ̀ oparun tí wọ́n fi ń ru ẹrù níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kúrò kí ẹsẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde, wọ́n ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sí inú rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ náà jókòó sínú rẹ̀ kí ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó gbé e. Ọ̀já fífẹ̀ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní namlo, ló gba abẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà kọjá wá sí iwájú orí aláàárù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá ọ̀já náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Mo ti fi òṣùká ru omi rí ní kékeré, mo sì rò pé mo mọ ohun tí orí ń gbé. N kò tíì rí i kí ọkùnrin tí kò ga dé èjìká mi fi iwájú orí gbé ènìyàn kílò 70 sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta nínú òkùnkùn. Wọ́n ń gba ara wọn lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, Dai sì ń rìn níwájú, ó ń pe òkúta kọ̀ọ̀kan tó bá yọ̀. Odò Langtang ń hó lápá òsì wa ní gbogbo ọ̀nà, a kò sì rí i.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí a dé abúlé Langtang, ní mítà 3,430. Ọmọ náà ti lè mu omi gbígbóná díẹ̀. Èmi fẹ́ ká dúró, Dai kọ̀. Ó di ìgbà tí ojúmọ́ ń mọ́, ní Ghoda Tabela tó wà ní nǹkan bí mítà 3,000, kí ó tó sọ pé ká gbé e kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù. Wọ́n ní hẹlikópítà lè wá láti Kathmandu kí aago mẹ́jọ tó lù, bí ẹnì kan bá fọwọ́ sí i pé òun yóò san owó rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ìwé ìdáàbòbò tí ilé-iṣẹ́ náà tà fún wa ránṣẹ́. Èsì tó dé ni pé ìwé náà kò kọjá mítà 3,000, bẹ́ẹ̀ òkè ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló kọ ètò ìrìnàjò tó gbé wa dé mítà 3,870, òun ló sì tà wá ní ìdáàbòbò tó pin sí 3,000, tó gba owó rẹ̀ mọ́ 2,150 pọ́n-ùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń sunkún. Dai gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe àwọn oníhẹlikópítà lédè wọn, ó sì dúró fún wa. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ síwèé. Ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán wa ní London ló ṣe onídùúró fún ọmọ ìjọ wa.

Ní ilé ìwòsàn ní Kathmandu, dókítà kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà tó fi béèrè pé níbo ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. A ní Nàìjíríà. Ìbéèrè kejì ni jẹ́nótáìpù rẹ̀. AS ni. Ó ṣàlàyé fún wa pé lókè tí atẹ́gùn ti fúyẹ́, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ AS lè tẹ̀ bíi dòjé, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì tí wọ́n ń pè ní spleen. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé nínú rẹ̀ yóò kú. Àwòrán tí wọ́n yà fi hàn pé apá kan nínú ti ọmọ náà ti kú. Wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ́síjìn, omi àti oògùn ìrora ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Dókítà náà ní bí a bá sùn mọ́jú lókè, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Fọ́ọ̀mù ìlera tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ìwé mẹ́fà. Wọ́n béèrè bí eyín wa ṣe rí, wọ́n béèrè bóyá ara wa kọ ẹ̀pà, wọ́n béèrè nọ́ńbà bàtà wa. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù yìí ránṣẹ́ sí ìjọ tó jẹ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo àwọn tó fẹ́ lọ, orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti béèrè jẹ́nótáìpù. Nígbà tí mo kọ̀wé sí wọn, ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, pé àyè wà lójú ìwé karùn-ún fún “àìsàn mìíràn”, ibẹ̀ ló yẹ kí ọmọ náà ti kọ ọ́ sí. Ta ló ń kọ AS sí àyè àìsàn? Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé AS kì í ṣe àìsàn, òótọ́ sì ni nílẹ̀ pẹrẹsẹ. Àwa náà jẹ̀bi níbí, mo sì ti sọ ọ́ nínú ìpàdé: ìjọ wa kì í so ọkùnrin pọ̀ mọ́ obìnrin láìrí ìwé jẹ́nótáìpù àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí ìwé náà nígbà tí à ń lọ gun òkè. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Kí ẹni tó bá jẹ́ AS ṣáà bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ, kí ó sì gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ náà kọ́ ni wọ́n fi gbé wa gùn ún. Ìlànà tí gbogbo afinimọ̀nà mọ̀ ni pé bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí yóò sùn kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lálẹ́ àná. Lama Hotel, tó wà ní nǹkan bí mítà 2,400, ni a sùn ní alẹ́ kan. Abúlé Langtang ni a sùn ní alẹ́ kejì. Dai ti bẹ aṣáájú wa pé ká fi alẹ́ kan sí Ghoda Tabela. Èsì tó gbà ni pé wọ́n ti san owó ilé tó kàn.

Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ òfin pamọ́ fún wa. Ìwé ìpolówó wọn kọ ọ́ pé a ó máa wàásù “láti ilé dé ilé”, nítorí náà a fi owó ara wa tẹ ìwé àṣàrò kúkúrú 600. Ní Kathmandu ni àwọn olùṣọ́-àgùntàn kan ti gbà wá lálejò, wọ́n bu tíì fún wa, wọ́n sì ní ká kó gbogbo rẹ̀ jáde kúrò nínú àpò. Òfin ìpìlẹ̀ Nepal ti ọdún 2015 kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn ẹlòmíràn padà, òfin ìwà ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 sì fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún àti owó ìtanràn tó lè tó rupee 50,000 sí i. Wọn yóò sì lé àjèjì padà sí ìlú rẹ̀ tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin yóò ti padà sílé. Ilẹ̀kùn tiwa ni ọlọ́pàá máa wá kàn.” Ojú tì wá. A fi ìwé náà sílẹ̀ ní Kathmandu.

Nígbà tí ìwé kò sí lọ́wọ́ wa mọ́ ni ìrìnàjò náà wá ní ìtumọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni n kò sì fẹ́ kí ìbínú mi bò mọ́lẹ̀. Kí a tó gun òkè, a lo ọjọ́ mẹ́ta ní abúlé kan nítòsí Syabrubesi, ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ pin sí fún àwọn tó ń lọ sí Langtang. Ilé ìsìn tó wà níbẹ̀ wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2015. Ọjọ́ Sátidé ni, ó kù díẹ̀ kí ó di aago méjìlá ọ̀sán, ọjọ́ Sátidé sì ni ọjọ́ ìsinmi ní Nepal tí àwọn ọmọ Kristi ń jọ́sìn, nítorí náà inú ìsìn ni ọ̀pọ̀ wọn wà nígbà tí ilẹ̀ mì. Ní ọjọ́ kan náà, yìnyín àti òkúta láti òkè bo abúlé Langtang mọ́lẹ̀. Ó ju igba ènìyàn lọ tó kú níbẹ̀. A ka orúkọ wọn lára ògiri ìrántí nígbà tí à ń gòkè lọ.

Àwọn ará abúlé ní káfíńtà tó mọ iṣẹ́ jù wá lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wa ni ká bá wọn gbé páànù láti ẹ̀bá títì dé orí òkè. A gbé e. Lọ́jọ́ Sátidé, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a jókòó sílẹ̀, obìnrin lápá kan, ọkùnrin lápá kejì. Wọ́n pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n kí wa pé “Jay Masih”, ìṣẹ́gun ni fún Kristi, ọmọbìnrin kan sì gbé madal, ìlù olójú méjì, lé orí itan. Akọrin wa yìí, kí ìhà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ló bá a ṣàtẹ́wọ́ títí ìsìn fi parí.

Ní oṣù kejìlá, obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà pè mí. Kò fi ọ̀rọ̀ dí mi lójú. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó béèrè orúkọ Dai, ó béèrè iye tó dúró fún, wọ́n sì san owó hẹlikópítà náà fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì. Owó ilé ìwòsàn ló kù. Ó fi fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́: ìbéèrè jẹ́nótáìpù wà lójú ìwé kìíní, alẹ́ kan ní Ghoda Tabela ti wọ inú ètò, wọ́n sì ti yọ “láti ilé dé ilé” kúrò.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. A ti san owó ìdúró fún oṣù kẹwàá tó ń bọ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé Dai ni yóò mú wa lọ. Ọmọ náà yóò bá wa dé Syabrubesi láti gbé páànù tó kù. Kò ní kọjá ibẹ̀.