Kíìtì àtúnṣe búsítà bíréèkì fún ọkọ̀ àtijọ́: rọ́bà rẹ̀ dára, àmọ́ kò kan master

Búsítà ni ẹ̀rọ tó ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìn ń fà láti ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ lórí bíréèkì; master ni sílíńdà iwájú rẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Bí pẹ́dà bíréèkì bá le gbagidi, ẹ má tíì ra kíìtì. Ẹ pa ẹ́ńjìn, ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ẹ di ẹsẹ̀ mú lórí rẹ̀, kí ẹ wá sítáàtì ọkọ̀. Bó bá wọlẹ̀ díẹ̀, búsítà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá mì, ẹ yọ họ́ọ̀sì tó ti ara ẹ́ńjìn wá kí ẹ wò ó bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́. Lórí slow (nígbà tí ẹ kò tẹ ìná), ẹ́ńjìn tó pé a máa fa nǹkan bí 18 sí 20 lórí géèjì tó ń fi ínṣì mẹ́kúrì wọn agbára ìfà náà. Họ́ọ̀sì tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ra nínú, check valve (fáàfù tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ọ̀nà kan ṣoṣo) náà sì máa ń dí. Owó kékeré ló ń bá àwọn wọ̀nyẹn lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé búsítà gan-an ló bàjẹ́, ohun tó yẹ kó wà nínú kíìtì ni rọ́bà ńlá àárín, síìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn, fílítà fóòmù, check valve àti rọ́bà rẹ̀. Èyí pé. Etí rọ́bà ńlá wọ ojú ibùjókòó rẹ̀ láìsí wàhálà. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ló kù díẹ̀ káàtó: kò sọ pé kí ẹ fi ìlà sàmì sára ìdajì méjèèjì agolo búsítà kí ẹ tó yí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò kìlọ̀ nípa sípíríǹgì inú rẹ̀, tó lè fò jáde kó ṣe èèyàn léṣe. Ẹ lo press tàbí bóòtù gígùn láti dá a dúró.

Rọ́bà róbótó kan wà lẹ́nu ọ̀pá tó ń ti master. Ó máa ń já bọ́ láìfura, bó bá sì sọnù, bíréèkì yóò máa mú lójijì bí ẹ bá kàn fọwọ́ kan pẹ́dà. Kíìtì kò fi tuntun sí i, nítorí náà ẹ tọ́jú ti àtijọ́. Gírísì sílíkóònù ni kí ẹ fi pa síìlì. Gírísì lásán yóò mú rọ́bà wú.

Àléébù tó tóbi jù nìyí: kò sí síìlì master níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ master ló sábà máa ń pa búsítà. Síìlì ẹ̀yìn master á jò, ọ́ìlì bíréèkì á wọ inú búsítà, á jẹ rọ́bà, ẹ́ńjìn á sì fà á mu. Èéfín funfun á máa jáde ní sàléńsà, ọ́ìlì bíréèkì á máa dínkù láìsí ibi tó ń jò sí. Ẹ tú master lẹ́ẹ̀kan náà. Bí inú rẹ̀ bá ti dógùn-ún, tó ní ihò wẹ́wẹ́, síìlì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi àlàfo tó tó 0.5 mm sílẹ̀ láàárín ọ̀pá náà àti master, àyàfi tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ iye mìíràn. Bí kò bá sí àlàfo, bíréèkì kò ní tú, táyà á gbóná. Bó bá pọ̀ jù, pẹ́dà á lọ sílẹ̀ kó tó mú. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ rọ, ẹ má pò ó mọ́ DOT 5.

Ẹni tí agolo búsítà rẹ̀ bá ti lu ni kí ó fi kíìtì sílẹ̀, kó ra èyí tí wọ́n ti tún ṣe.