Aṣọ òkè aláwọ̀ iyanrìn: sányán gidi, kọ́tìn àbí òwú ilé-iṣẹ́, èwo ni kí ẹ rà?

Ẹni tó bá ń wá aṣọ òkè aláwọ̀ iyanrìn lóde òní, orúkọ kan ṣoṣo ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á: sányán. Kírímù tó pọ́n díẹ̀, sányán. Búráùn tó ṣí, sányán. Shínáìn-shínáìn tó ń kọ mànà bíi wúrà, sányán náà ni wọ́n á pè é. Owó tí wọ́n á dá lé wọn kò sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ẹ ó gbé délé kò ní jọra. Kí ẹ tó béèrè àwọ̀, òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Sányán gidi

Ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó kan tó ń di àfòpiná ni òwú sányán ti ń wá. Anaphe ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Kì í ṣe kòkòrò ṣẹ́dà tí wọ́n ń sìn ní Ṣáínà. Ti Ṣáínà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń hun ilé tirẹ̀, wọ́n sì lè fa fọ́nrán rẹ̀ gbọọrọ láìjá. Ti Anaphe yàtọ̀: agbo kòkòrò ló ń para pọ̀ hun ìtẹ́ kan ṣoṣo lórí igi, igi àjàgbọn sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń ká a. Fọ́nrán inú rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, kò ṣeé fà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti sè é nínú omi eérú kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ, kí wọ́n ṣàn án, kí wọ́n sá a, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọwọ́ ran án bí wọ́n ti ń ran òwú oko.

Àwọ̀ tó bá yọ nígbà tí wọ́n sè é tán ni àwọ̀ aṣọ náà. Kò sẹ́ni tó pa á láró. Ìdí nìyí tí sányán gidi kì í fi rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e síta lójúmọ́, ẹ ó rí i pé ibì kan ṣú, ibì kan ṣí, òwú ibì kan sì ki ju ti ibòmíràn lọ. Kì í dán yinrinyinrin, dídán rẹ̀ rọra ń yọ ni. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á, ó ń ha ọwọ́ díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sányán àtijọ́, ẹ ó tún rí ìlà òwú funfun tó gba àárín fọ́nrán aṣọ kọjá. Mo fẹ́ràn ìlà funfun yẹn gan-an, nítorí òun ló ń jẹ́ kí ojú rí bí àwọ̀ iyanrìn náà ṣe jinlẹ̀ tó.

Ọ̀wọ́n ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn tó ń wọ igbó ká ìtẹ́ ti dín kù, igbó fúnra rẹ̀ ti dín kù, iṣẹ́ sísè àti ríran òwú rẹ̀ sì ń gba àsìkò. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ pé òun ní sányán gidi tuntun tó tó aṣọ ẹbí fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí iye rẹ̀ kò sì ju ti aṣọ òkè yòókù lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé olè ni onítọ̀hún. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ ló ń pè ní sányán, bí gbogbo ọjà ti ń ṣe.

Sányán àtijọ́

Fún ẹni tó fẹ́ òwú kòkòrò ní tòótọ́, ọ̀nà tó dájú jù ni aṣọ tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́: agbádá bàbá, ìró ìyá àgbà, tàbí èyí tí àwọn tó ń ta aṣọ àtijọ́ bá kó wá. Àǹfààní kan wà nínú aṣọ òkè tí aṣọ ilé-iṣẹ́ kò ní. Fọ́nrán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun lórí òfì, bí ínṣì mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Tí kòkòrò bá ti jẹ fọ́nrán kan, aránṣọ tó mọṣẹ́ lè tú u jáde, kó sì so àwọn tó kù pọ̀. Nítorí èyí, ẹ má torí ihò méjì tàbí mẹ́ta sá fún sányán àtijọ́. Ohun tó yẹ kó lé yín sá ni kí òwú fúnra rẹ̀ ti gbó. Ẹ na aṣọ náà sójú oòrùn, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti ń ká a láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ rọra fà á. Tó bá ń ya lójú ìká, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo abẹ́ apá náà, nítorí àbàwọ́n òógùn àtijọ́ kì í fẹ́ kúrò.

Kọ́tìn

Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ó rí ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní sányán kì í ṣe òwú kòkòrò. Lára wọn ni òwú kọ́tìn tí wọ́n ti pa láró sí àwọ̀ iyanrìn. Èmi kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ kan náà ni, ó ń gba atẹ́gùn, òógùn kì í há sára ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì ń tẹ́ dáadáa lára agbádá. Àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba ju ti sányán gidi lọ, èyí sì wúlò fún aṣọ ẹbí tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé oòrùn àti ọṣẹ líle lè ṣí aró rẹ̀. Tí owó yín bá mọ níwọ̀n, tí ẹ sì fẹ́ aṣọ tí ẹ ó wọ̀ léraléra, òun ni mo máa ní kí ẹ rà.

Òwú ilé-iṣẹ́

Réyọ̀nù àti pọ́líẹ́sítà ló pọ̀ jù níhìn-ín, pẹ̀lú òwú tó ń kọ mànà tí shínáìn-shínáìn fi gbòde ní àwọn ọdún 1970. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti fi wé gèlè, kì í sì í wọ́n bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n pọ́líẹ́sítà ń mú ooru. Ọkùnrin tó fẹ́ gbé agbádá mẹ́ta-lọ́kan rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú ooru oṣù kẹta yóò mọ̀ ọ́n lára. Fún gèlè àti ìpèlé ọjọ́ kan, ó dára púpọ̀. Fún aṣọ tí ẹ fẹ́ kí ọmọ jogún, rárá.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí ẹ yọ òwú kan létí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú kòkòrò á máa rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Kọ́tìn á rùn bíi bébà, bẹ́ẹ̀ náà ni réyọ̀nù. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, á sì le koko tó bá tutù. Ẹ rántí pé iná kò lè ya sányán sọ́tọ̀ lára ṣẹ́dà Ṣáínà tí wọ́n pa láró, nítorí òórùn kan náà ni wọ́n ní. Níbẹ̀, ojú ni ẹ ó lò: ṣẹ́dà Ṣáínà ń dán, ó jọ̀lọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba.

Kírímù, iyanrìn, káki, ṣampéènì

Lórí àwọ̀, mo ní èrò tó le díẹ̀. Kírímù sún mọ́ funfun jù. Lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè inú gbọ̀ngàn, á dà bí funfun tó ti pọ́n. Káki léwu, pàápàá èyí tó bá ní ewéko díẹ̀ nínú, nítorí nínú fọ́tò, ó lè jọ aṣọ agùnbánirọ̀. Ṣampéènì dùn-ún wò tí iná bá kọ sí i, àmọ́ fìlàáṣì kámẹ́rà máa ń sọ ọ́ di fàdákà. Àwọ̀ iyanrìn gan-an, tó ní búráùn díẹ̀ nínú, ló yẹ àwọ̀ ara wa jù, dúdú ni o, pupa ni o. Òun náà ló ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn yọ. Tí ẹ bá sì fi fìlà ẹtù lé agbádá sányán, aró dúdú tó wà lókè àti iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ á bára mu. Àwọn àgbà ní sányán ni baba aṣọ, àwọn aṣọ tí wọ́n sì ń kà mọ́ ọn nípò iyì ni ẹtù aláró àti àlàárì pupa. Tí ayẹyẹ bá jẹ́ oyè jíjẹ tàbí ìsìnkú àgbà, mo máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má lọ sí kírímù tàbí ṣampéènì rárá.

Tí ẹ bá ń rà á láti òkèèrè

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ má fi fọ́tò orí fóònù yan àwọ̀ yìí. Kò sí àwọ̀ tí fóònù ń yí padà tó o: pupa díẹ̀, ó di píǹkì; ewé díẹ̀, ó di káki. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ níta, lọ́sàn-án, kí wọ́n gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó sàn jù ni kí wọ́n fi òwú díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó hun ún. Ẹ sọ iye fọ́nrán àti ìbú rẹ̀ fún wọn, torí àwọn ahunṣọ kan ń hun fọ́nrán tó fẹ̀ báyìí, iye tí ẹ ó nílò á sì yí padà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n hun agbádá, fìlà, gèlè àti ìpèlé pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú òwú tí wọ́n pa láró lọ́jọ́ kan. Tí ẹ bá padà wá fún gèlè kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iyanrìn tuntun náà kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu, nínú àwọ̀ tó ṣí báyìí, gbogbo ojú ló sì máa rí i.