Mo fọwọ́ ara mi pààrọ̀ kébù gíà kẹ̀kẹ́ mi n'Íkẹ́nnẹ́: sẹ́ẹ̀tì 9,000 náírà yìí dáa, àmọ́ ẹ wá ohun tẹ́ ẹ máa fi gé e

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ résìn, ẹ kú ojú ọ̀nà o. Mo ti pinnu pé àfi tí n bá lo kébù yìí pé oṣù mẹ́ta ni màá tó sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, torí kò sí nǹkan tuntun tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí kẹ̀kẹ́. Oṣù mẹ́ta ti pé, òjò ti rọ̀ lé e lórí dáadáa, mo ti gbé e dé Ìṣarà mi ò lè ka iye ìgbà, ó yá ká sọ̀rọ̀.

Kẹ̀kẹ́ mi, tòkunbọ̀ ni, gíà Sora ti Shimano, mẹ́sàn-án lẹ́yìn, méjì níwájú. Láti bí ọdún tó kọjá ni gíà ẹ̀yìn ti ń ṣagídí. Tí mo bá ní kó gun orí gíà ńlá, á lọ wẹ́rẹ́, àmọ́ tí mo bá ní kó bọ́ sórí kékeré kí n lè sáré, á dúró bí ẹni tó ń ronú, màá wa pẹ́dà bí ìgbà márùn-ún kó tó já wálẹ̀ gbà, nígbà míì á já méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mi ò ní dárúkọ, àdúgbò kan náà la wà. Ó da ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù sí ojú ibi tí kébù ti ń wọlé, ó gbé sikurudráfà, ó yí súkúrù méjì kéékèèké tó wà lẹ́yìn derailleur (ohun tó ń sún ṣéènì láti orí gíà kan sí òmíì), ó gba 2,500 náírà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo fi máa délé, ṣéènì ò dé orí gíà tó kéré jù mọ́ rárá. Eruku sì wá lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì yẹn bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ṣàgámù ló là mí lọ́yẹ, àlàyé yẹn nìkan tó owó tí mo ná. Ó ní, "Àbúrò, tó bá ń gun ńlá, ọwọ́ ẹ ló ń fa kébù. Tó bá ń padà sí kékeré, ọwọ́ ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́, sípíríǹgì inú derailleur ló ń dá a fà padà." Ọwọ́ lágbára, sípíríǹgì ò lágbára tó yẹn. Tí ìdọ̀tí tàbí ìpẹtà bá ti wà nínú rọ́bà kébù, ìyẹn ìbòrí tí wáyà ń gba inú ẹ̀ kọjá, ọwọ́ á borí ẹ̀, sípíríǹgì ò ní lè borí ẹ̀. Torí náà tó bá ń lọ́ra láti bọ́ sí kékeré, kébù ló ń há. Tó bá jẹ́ gíà ńlá ló ń lọ́ra láti gùn, kébù dẹ̀ ni, ẹ kàn máa fún un díẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gba 2,500 ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀ o. Tí mo bá ti gba inú ẹrọ̀fọ̀ pupa dé, ilé ìfọmọ́tò ni mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára yẹn fọ̀ ọ́. Omi yẹn kan náà ló ń ti ẹrẹ̀ wọnú rọ́bà kébù, pàápàá èyí kékeré tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn, torí ìsàlẹ̀ ló wà, ohun tó bá wọ ibẹ̀ ò ń jáde.

Èkó ni mo ti ra sẹ́ẹ̀tì náà, 9,000 náírà, wọ́n fi wébíìlì ránṣẹ́ sí gáréèjì Ṣàgámù, 1,500. Ọ̀rá ẹ̀ ò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan, wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bá gíà Shimano àti SRAM, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gíà kẹ̀kẹ́, mu, kò sí ìwé àlàyé. Wáyà gíà méjì ló wà nínú ẹ̀, 1.2 mm, stainless, ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ torí ẹ̀yìn jìnnà ju iwájú. Rọ́bà ìta ẹ̀ 4 mm, wọ́n kọ ọ́ pé mítà 2, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, 1.8 ni. Ó tó kẹ̀kẹ́ mi o, àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ 2? Fìlà kékeré tí wọ́n fi ń dé ẹnu wáyà kó má bàa tú, méjì péré, ọ̀kan bọ́ sáàárín táìsì, ó tán.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra jù rèé. Rọ́bà kébù gíà àti ti bíréèkì jọra lójú, wọn kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Ẹ gé ti bíréèkì, ẹ máa rí i pé irin inú ẹ̀ yí po bíi sípíríǹgì, ó lè fara da fífà tó le, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á, á fún pọ̀ díẹ̀. Ti gíà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló nà gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í fún pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí lífà (ohun tá à ń fọwọ́ tẹ̀ láti pààrọ̀ gíà) tẹ̀ kọ́ẹ̀ẹ́ kan kí ṣéènì sún gíà kan gééré. Nígbà tí mo tú ti kẹ̀kẹ́ mi, kí ni mo rí? Rọ́bà bíréèkì ni wọ́n fi síbẹ̀ lẹ́yìn! Mi ò mọ ẹni tó fi sí i, bóyá láti ìlú òyìnbó ló ti ń bọ̀, ó ṣá ti pẹ́ tí mo ti ń bá a jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì yí i padà kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà gíà ṣe bíréèkì, torí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an, ó lè bẹ́, ẹ̀yin àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ máa jọ yanjú ẹ̀.

Ìtú ò le. Mo gbé ṣéènì sórí gíà tó kéré jù kí kébù dẹ̀ pátápátá, mo fi Allen key 5 tú bóòtù tó di wáyà mú lára derailleur, mo gé ẹnu wáyà tó ti tú, mo wá ń tì í padà láti ìsàlẹ̀ kí orí ẹ̀ lè yọ jáde lára lífà. Kò yọ. Mo tì, kò lọ. Mo fún lífà bíréèkì mọ́ ọwọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó láti ẹ̀gbẹ́, háà. Wáyà ti já lọ́rùn, ó ku bí okùn mẹ́rin tó so orí ẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, àwọn tó ti já ti ká kò sínú lífà bí irun àgbàdo. Mo fi ohun tí ìyàwó mi fi ń yọ irun ojú fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀kan gún mi ní àtàǹpàkò, ó kù sínú ẹran títí di ọjọ́ kejì. Tí mo bá tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, á já lójú ọ̀nà, tí kébù ẹ̀yìn bá sì já, ṣéènì á lọ jókòó sórí gíà tó kéré jù, èyí tó le jù láti wà. Ẹ wá fi ìyẹn gun òkè délé.

Ní ti gígé rọ́bà, mo fi pláyà gbìyànjú. Ẹ má ṣe é. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, wáyà ò lè kọjá. Mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó wà lójú títì, ó ní, "Bùrọ̀dá, kébù klọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà lèyí ni?" Mo ní rárá, gíà kẹ̀kẹ́ ni, ó wò mí bí ẹni pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tan fáìlìn maṣíìnì ẹ̀. Mo fi àjókù wáyà àtijọ́ sínú rọ́bà kó tó gé e, kó má bàa tẹ̀. Ó gé e mẹ́ta, ojú ẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ iná maṣíìnì ti yọ́ ike funfun tó wà nínú ẹ̀, ihò ti dí. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò la ojú ẹ̀ padà, mo wá gbọ̀n ọ́n kí lúbúlúbú irin inú ẹ̀ dànù. Wẹ́dà ò gbowó, ó ní tí n bá ń lọ sí Òde Rẹ́mọ kí n máa juwọ́ sí òun. Tẹ́ ẹ bá lè rí ojúlówó kọ́tà kébù rà, ẹ rà á, ó sàn ju gbogbo wàhálà yìí lọ.

Rọ́bà àtijọ́ ni mo fi wọn tuntun, mi ò mú un gùn jù, mi ò mú un kúrú jù. Wáyà wọlé láìfi wàhálà ṣe, ó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ nínú rọ́bà, ibi tí mo ti mọ̀ nìyẹn pé owó mi ò ṣòfò. Kí n tó di bóòtù, mo yí nọ́ọ̀bù tó wà ní ẹnu derailleur wọlé tán, mo tú u padà bí ìyípo méjì, kí n lè ráyè fún un tàbí kí n dẹ̀ ẹ́. Mo fi wáyà sínú ihò gbọọrọ tó wà lábẹ́ wáṣà, torí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ibòmíì kọjá, gíà ò ní bá ara mu láéláé.

Títò ẹ̀ ló dùn jù. Mi ò ní ìdúró kẹ̀kẹ́, mo fi okùn so síìtì ẹ̀ kọ́ ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ọmọ mi ọkùnrin ń fọwọ́ yí pẹ́dà, èmi ń tẹ lífà. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo kọ́kọ́ tún súkúrù tí ẹni yẹn bà jẹ́ ṣe. Èyí tí wọ́n kọ H sí ni ti gíà kékeré, èyí tí wọ́n kọ L sí ni ti gíà ńlá, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n dá ṣéènì dúró kó má bọ́ síta tàbí sínú spóòkì, wọn ò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú àárín. Mo dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo yí H títí wíìlì kékeré derailleur fi tò sábẹ́ gíà tó kéré jù gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tẹ lífà lẹ́ẹ̀kan. Kò gun ìkejì. Mo tú nọ́ọ̀bù sí òsì ní ìdá mẹ́rin ìyípo, ìyẹn ni pé mo ń fún kébù. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó gùn ún. Ọmọ mi ní, "Dádì, ó ṣì ń pariwo." Lóòótọ́ ni, ṣàkà ṣàkà, ó ń họ gíà kẹta lára, mo ti fún un jù. Mo yí i padà díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó dákẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe rí létí mi.

Ti iwájú, mo fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì, kò fún mi ní wàhálà, kẹ́ ẹ kàn rí i pé àlàfo tó wà láàárín irin derailleur iwájú àti orí eyín gíà ńlá ò ju 1 sí 3 mm lọ.

Sátidé tó tẹ̀lé e, Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, Ìpẹru, Òde Rẹ́mọ, Ìṣarà, mo padà. Mò ń pààrọ̀ gíà láìnídìí bí ọmọdé tí wọ́n ra fèrè fún. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra díẹ̀ láti gun ńlá, ẹ má fòyà, rọ́bà ló ń jókòó dáadáa sínú ihò ẹ̀, mo tú nọ́ọ̀bù sí òsì ní ìdajì ìyípo kí kébù lè fún, mi ò tíì fọwọ́ kàn án látìgbà náà. Wáyà ò pẹtà rárá pẹ̀lú gbogbo òjò yìí. Mo fún un ní 4 nínú 5, ìkan tó kù, rọ́bà 1.8 tí wọ́n pè ní 2 àti fìlà méjì yẹn ló gbé e lọ. Ẹnu wáyà tí kò rí fìlà dé, súpà glù ni mo kán sí i, ó sì ṣì wà bẹ́ẹ̀, kò tú. Kẹ̀kẹ́ náà ò dé ilé ìfọmọ́tò mọ́, kànìnkànìn àti omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló kù.