Iná fọ́tò: ká rà á ni, àbí ká máa háyà rẹ̀? Ìfiwéra fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ìmọ̀ràn tí ará Èkó bá fún yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rora gbà á. Ẹni tó ń gbé Ìkẹjà lè lọ háyà iná fọ́tò (fláàṣì tó ń kọ mànà nígbà tí a bá ń ya fọ́tò) láàárọ̀ kó sì dá a padà lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìpẹru tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, Èkó ni a sábà máa ń lọ bí a bá fẹ́ háyà iná tó lágbára, ọ̀nà yẹn gan-an ló sì ń jẹ owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní Sátidé ni ìnáwó. Iye tí wọ́n máa pè fún yín, ti wákàtí mẹ́rìnlélógún ni. Kò sí bí ẹ ṣe máa lọ Èkó láàárọ̀ Sátidé kí ẹ tún padà bá ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń we gèlè fún un, nítorí náà ọ̀sán Fráídè lẹ ti máa lọ gbé e. Òde kò ní tú lọ́jọ́ Sátidé títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí. Ó di Mọ́ńdè kí iná tó padà dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ọjọ́ kan, owó ọjọ́ mẹ́ta, láì tíì ka owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìdógò. Ibì kan wà tí mo ti háyà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò jẹ́ kí n tètè dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ka odindi ọjọ́ kan lé e, wọ́n yọ ọ́ nínú owó ìdógò mi. Wọ́n wá tú softbox (àpótí aṣọ tí a ń fi bo iná kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀), wọ́n ní ọ̀pá rẹ̀ kan ti tẹ̀. Bí ọ̀pá náà ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n kó o fún mi, mo sì ní fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù! Síbẹ̀, ìdajì owó ni mo rí gbà, ó sì pẹ́ kí n tó rí i. Inú ṣì ń bí mi sí i. Ẹni tó bá máa háyà, kó ya fídíò gbogbo ẹrù lójú ẹni tó ń kó o fún un, kó sì jẹ́ kí ohùn onítọ̀hún wà nínú rẹ̀. Kó wo trigger náà (ohun tí a ń fi sórí kámẹ́rà láti mú kí iná kọ) dáadáa. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ trigger Godox, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná fọ́tò, ló ń sọ kámẹ́rà tó wà fún: C fún Canon, N fún Nikon, S fún Sony. Bí wọ́n bá gbé ti Canon fún oní-Nikon, TTL (kí iná fúnra rẹ̀ wá agbára tó yẹ) àti HSS (kí iná lè bá shutter kámẹ́rà tó yára gan-an ṣiṣẹ́) kò ní ṣiṣẹ́.

Ní ti àtúnṣe, háyà dára jù: bó bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ni. Ní ti owó, iye iná tuntun ń tẹ̀ lé dọ́là, ìdí nìyí tí èyí tí ẹ bá rà tí ẹ sì tọ́jú fi ṣeé tà lẹ́yìn ọ̀la. Ní ti iná mànàmáná, ẹ fi iná oní-wáyà tí kò ní bátìrì, bíi SK400II ti Godox, sílẹ̀ fún inú ṣọ́ọ̀bù; jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ayẹyẹ kì í dúró lójú kan.

Ibi tí háyà ti wúlò jù ni Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, oòrùn ọ̀sán á wà lókè, fìlà á ju òjìji sójú ọkùnrin, gèlè á ṣe bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Iná Godox kékeré oní-bátìrì bíi AD200 kò lè bá oòrùn yẹn jà láti inú softbox. AD600, tó lágbára jù ú lọ, ló tó o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kọ́ ló yẹ kó mú yín ra irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ háyà rẹ̀, kí ẹ sì sanwó sílẹ̀ ṣáájú Iléyá dáadáa, torí àwọn ayàwòrán Èkó náà ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí òde kì í kàn ju ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, kó máa háyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí Sátidé rẹ̀ kì í ṣófo, AD200 kan, trigger kan, stándì kan àti softbox kan ni kó kọ́kọ́ rà. Bátìrì AD200 ń jẹ́ kó kọ mànà nǹkan bí ìgbà 500 ní agbára kíkún, èyí tó ju òde kan lọ fún ọ̀pọ̀ wa. Bówó kò bá tó, ẹ bá ayàwòrán méjì tí ẹ fọkàn tán dá àjọ, kí ẹni kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀ bí àjọ bá ṣe kàn án.

Bó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé bátìrì rẹ̀ sí i, ẹ fi sí agbára kíkún, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló yẹ kó ti múra tán láti tún kọ. Bó bá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì ti ń kú nìyẹn, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Ẹ wá yọ orí rẹ̀, kí ẹ wo túùbù: bí ìdí rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ má rà á.