Pípààrọ̀ sensor oxygen ẹ̀yìn lára Corolla 2005: ọgbà mẹkáníìkì kan ní Tanke, Ìlọrin

Wáyà tí wọ́n fẹ́ gé ló fa àgbéyẹ̀wò yìí. Sensor tuntun, a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí ni, ọ̀gá mẹkáníìkì sì ti gbé pílásì lé wáyà rẹ̀ lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lára Corolla yìí mọ̀ pé wáyà sensor ẹ̀yìn kì í parí sábẹ́ ọkọ̀. Ó gba ihò kan lára páànù ilẹ̀ wọ inú, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níwájú ni connector rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ wáyà ọkọ̀, wà. Kí ọ̀gá má baà ṣí kápẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ gé wáyà àtijọ́ àti tuntun nísàlẹ̀, kó lọ́ wọn pọ̀, kó fi téèpù dúdú wé e. Sensor yìí ń fi atẹ́gùn ìta wé èéfín tó ń bọ̀ láti ẹ́ńjìnnì, inú wáyà yẹn gan-an ni atẹ́gùn ìta ń gbà dé orí rẹ̀. Ooru sàlẹ́ńsà á yọ́ téèpù, omi òjò á bá ojú ibẹ̀ wọlé, sensor á kú, wọ́n á wá ní ayédèrú lẹ rà.

Ọmọṣẹ́ ló gbà á sílẹ̀. “Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ n ṣí kápẹ́ẹ̀tì. Kò ní pẹ́.”

“Ṣé ìwọ lo máa tún un tò padà?”

“Èmi ni, sà.”

Alhaji pòṣé, ó ju pílásì sínú àpótí irinṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó dé ibẹ̀ rárá, wọ́n ti kọ́kọ́ ní catalyst, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ nínú páìpù sàlẹ́ńsà, ló kú, kí á gé e dànù kí wọ́n fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀. Kóòdù tí scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀, gbé jáde ni P0141, hítà inú sensor ẹ̀yìn ni ìyẹn ń sọ. P0420 ló ń fi catalyst sùn. Ẹni tó ń gba owó ka kóòdù yẹ kó mọ ìyàtọ̀ yẹn. (Catalyst àlòkù ní olùrà. Bí wọ́n bá gé tiyín, ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sílé.) Wọn ò tilẹ̀ yẹ fíùsì wò, bẹ́ẹ̀ fíùsì tó bá jó lè gbé irú kóòdù yìí jáde.

Ọmọṣẹ́ yẹn náà ló yẹ fíùsì wò, tó sì wá mítà lọ. Wáyà mẹ́rin ló wà lára sensor Denso: dúdú méjì jẹ́ ti hítà, búlúù ń gbé ìròyìn lọ sí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, funfun ni wáyà ilẹ̀ (ground) rẹ̀. Ẹ fi mítà wọn dúdú méjèèjì nígbà tí sensor bá tutù. 11 sí 16 ohm ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Ti àtijọ́ kò gbé nọ́ńbà kankan wá. Hítà ti já.

Iṣẹ́ yíyọ rẹ̀ ló sọ ìbínú di ìyìn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí irin lè gbóná níwọ̀nba, ó pa á, ó yọ orí bátìrì, ó wọ́n epo tí wọ́n fi ń tú irin tó dípẹtà sí ìdí sensor, ó sì dúró. Sípánà 22 ló lò, èyí tí wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wáyà lè gbà á kọjá. Kò fipá tú u. Ó tú u díẹ̀, ó dè é padà díẹ̀, ó tún wọ́n epo sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ó fi jáde. Ẹni tó bá fa á lẹ́ẹ̀kan náà á fa thread inú páìpù jáde mọ́ ọn, iṣẹ́ wẹ́dà ló máa kàn.

Tuntun ní gíríìsì tirẹ̀ lára thread láti ilé iṣẹ́. Kò jẹ́ kó kan imú sensor. Ọwọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i wọlé kó tó lo sípánà. Lẹ́yìn náà ló tẹ rọ́bà padà sínú ihò ilẹ̀ ọkọ̀ ṣinṣin, torí ibẹ̀ ni èéfín máa gbà bá èrò, kó tó so connector. Kápẹ́ẹ̀tì padà sípò bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tó kan owó, inú tún bàjẹ́. Wọ́n kọ owó scanner lẹ́ẹ̀mejì: ₦5,000 fún kíka kóòdù, ₦5,000 fún pípa á rẹ́. Rìsíìtì kò sí. Alhaji tún ń ṣèlérí pé epo tí ọkọ̀ ń mu máa dínkù. Ẹ má retí ìyẹn: sensor ti iwájú ló ń darí epo jù lọ, ti ẹ̀yìn ń ṣọ́ catalyst ni. Bí iná check engine bá sì kú lójú ẹsẹ̀, kò tíì fi nǹkan kan hàn, torí àṣìṣe yìí sábà máa ń gba ìrìn méjì kí iná tó tàn. Ẹ wà á dé Ìdọ̀fìàn, ìlú kan nítòsí Ìlọrin, kí ẹ padà, ẹ tún wà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí ẹ tó tún fi scanner wò ó. Tèyí mọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Bí ọmọṣẹ́ yẹn bá ti gba fírídọ̀ọ̀mù, ẹ yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀.