Búlọ́ọ̀kù Alámọ̀ Àìsun fún Ilé Kíkọ́ Lórí Ilẹ̀ Tí Òfin Dáàbò Bò

Nínú àwọn ohun èlò tí wọ́n ń polówó fún kíkọ́ ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti ibùwọ̀ àlejò sínú igbó tí òfin dáàbò bò, búlọ́ọ̀kù alámọ̀ tí a fi ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tẹ̀ ni mo fọwọ́ sí jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó bá mu. Ẹ̀rọ náà kò gba iná mànàmáná, kò sì gba epo; èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, Cinva-Ram, tí Raúl Ramírez ṣe ní Kòlóńbíà láàárín ọdún 1950 sí 1960, kò ju àpótí irin àti ọwọ́ gígùn kan lọ, ọkùnrin méjì sì lè gbé e wọ ibi tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dé.

Ohun tó gbé e borí bíríkì ni pé a kì í sun ún. Iná tí a fi ń sun bíríkì máa ń gbóná tó nǹkan bí 1,000°C, igi ni wọ́n sì fi ń dá a ní ibi púpọ̀: a ń ṣọ́ igbó lọ́sàn-án, a tún ń sun ún lóru. Sìmẹ́ńtì tí a ń pò mọ́ amọ̀ yìí kì í sábà ju ìdá 5 sí 10 nínú 100 lọ.

Omi rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ fún yẹ̀pẹ̀ tí a ti pò ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi rí roboto, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bọ́ láti ibi èjìká. Bí ó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ṣe é tẹ̀. Bí ó bá túká pátápátá, ó gbẹ jù. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù.

Àléébù tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni ti ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti wá. Bí a bá gbẹ́ kòtò ńlá nínú igbó nítorí rẹ̀, a ti ba ohun tí a fẹ́ gbà là jẹ́. Bí a bá sì kó yẹ̀pẹ̀ òkè ilẹ̀ wá láti ibòmíràn, èso koríko àjèjì lè bá a wọlé. Èyí tí a wú níbi ìpìlẹ̀ gan-an, lẹ́yìn tí a ti ya ilẹ̀ dúdú òkè sọ́tọ̀, ni mo fara mọ́. Ibi tí omi ti máa ń kún ńkọ́? Ẹ má lò ó níbẹ̀. Ilé onígi tó dúró lórí òpó ló yẹ ibẹ̀.